Ìró Tí Mo Sá Sórí Irin Ìdábùú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọ ilé mi ní Mafoluku, abẹ́ irin ni yóò gbà. Òpó méjì ni mo rì mọ́lẹ̀ láàárín géètì àti fàráńdà, mo fi kọnkéré dì wọ́n, mo sì fi wáyà fà wọ́n lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán ló dábùú lórí wọn, ó ga ju ibi tí ọkùnrin gíga lè nawọ́ dé lọ. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé ojú gólù ni. Nígbà tí wọn kò rí bọ́ọ̀lù, wọ́n ní bóyá mo fẹ́ gbé táǹkì omi sórí rẹ̀ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀, etí mi ló sì ṣe, pé màmá tíṣà yìí ti ń darúgbó, orí rẹ̀ ti ń dàrú. Ó ti kó kúrò ládùúgbò báyìí. Irin mi ṣì wà níbẹ̀.

Irin tí àwọn ọkùnrin fi ń díje nínú jimnásíìkì káàkiri ayé nìyẹn. Ẹ ti lè rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan á fò mọ́ irin, á máa yí gbirigbiri ká a, apá àti ẹsẹ̀ nínà gbọnrangandan. Á wá jọ̀wọ́ irin, á gòkè lọ sófurufú, á yí ara rẹ̀ padà, á tún nawọ́ gbá irin mú bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá bá irin, ilẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá. Nítorí náà òfin gbà kí ẹnì kan dúró lábẹ́ irin. Ẹni náà ni yóò gbé eléré dé irin níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò dúró, yóò na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dè é, kò sì ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá fọwọ́ kàn án láìnídìí, àwọn adájọ́ á yọ máàkì. Bí kò bá sì fọwọ́ kàn án nígbà tó yẹ, ọrùn ọmọ ọlọ́mọ lè kán.

Ibẹ̀ yẹn ni mo ti lo ayé mi, lábẹ́ irin, pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ nísinsìnyí tí àwọn tó kàn ṣì wà láyé, tí ojú wọn ṣì ríran kàwé.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Wọ́n rán mi lọ sílé ìwé, mo sì kàwé. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré ìdárayá ní yunifásítì, wọ́n sì tún rán mi lọ sí ìlú òyìnbó kan tí òtútù ibẹ̀ ń mú kí irin lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkùnrin ní irin ìdábùú. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa tí a lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n gbé mi sí ilé ìwé girama kan ní Ìsọlọ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní nẹ́tíbọ́ọ̀lù. Mo ní irin ni mo kọ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kì í dúró sábẹ́ ọkùnrin tó ń fò lókè, kò bójú mu. Ó gbé irin fún tíṣà kan tí kò mọ̀ ju kí ó máa fọn fèrè lọ. Ọmọ kan dá lápá lọ́wọ́ tíṣà náà kí sáà náà tó parí, wọ́n bá wá mi wá. Ọ̀gá ilé ìwé yẹn ti kú. Mo lọ síbi òkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì wọn, mi ò sunkún.

Ọkọ mi náà ní tirẹ̀. Ó ní òun ò lè máa bá obìnrin tó ń gbá ìbàdí ọkùnrin mú láàárọ̀ lálẹ́ gbé. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe ń gbá ìbàdí wọn mú ni mo ṣe ń gbé wọn sókè, pé ta ni òun ti gbé sókè rí? Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ilé sì fẹ̀ sí i.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń yí ká irin, ẹ̀rù á máa bà á pé ọwọ́ òun á yọ. Nítorí náà a máa ń fi òjá so ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin, òjá aṣọ tó nípọn, tí a rán ìdí rẹ̀ pọ̀ bí òrùka. Bí ìka rẹ̀ bá jọ̀wọ́, òjá á gbà á. Ti òyìnbó tó wà nílé ìwé wa gbó, ó já. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n ra òmíràn, wọ́n ń dá mi lóhùn pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo lọ sílé, mo ṣí àpótí mi, mo mú ìró kíjìpá kan jáde. Ìyá mi ló hun ún. Òun ló ran òwú rẹ̀, òun ló ta á sórí òfì tó wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, òun ló hun ún tán. Àwọn àgbà ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, nítorí kì í gbó bọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní i kò ní tún ṣiṣẹ́ aṣọ mọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò rí bí ìyá mi ṣe ń jókòó ti òfì. Mo ti ró ìró yẹn lọ sí ilé ìwé, mo ti fi bora ní ìlú òtútù. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sí i, mo gé e, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi ẹ̀rọ rán an ní àrántúnrán. Funfun ni, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tó ti wá.

Ọmọ tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sínú òjá náà ni ẹni tí mo máa pè ní Alága nínú ìwé yìí, nítorí òun ni alága ẹgbẹ́ àwa oní-jimnásíìkì báyìí. Nígbà yẹn, ojo ni. Bí ó bá di irin mú, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Mo so ó mọ́ irin, mo ní kí ó dijú bí ó bá fẹ́, kí ó ṣáà má tẹ apá. Nígbà tó yí ká irin lẹ́ẹ̀kínní, tó rí i pé òun kò kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀, kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó di ògbóǹtarìgì. Lọ́jọ́ tó ń fi ilé ìwé sílẹ̀, ó tọrọ ọ̀kan nínú òjá náà, mo fún un. Ó gbé e sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́dàlì. Kò sí àlejò tí kì í fi hàn. Á ní, “Òjá tí mo fi kọ́ irin nìyí.” Kì í sọ ẹni tó so ó mọ́ òun lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ilé ìwé fẹ́ ta irin mi fún àwọn oníkóńdẹ́mù tó ń ra irin àlòkù. Mo dúró níwájú bárò wọn ní géètì ilé ìwé, mo ní kí wọ́n tì í gba orí mi kọjá. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn. Báyìí ni irin ṣe dé Mafoluku.

Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń bá mi fi irin náà ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Orí táyà àlòkù ló ti máa ń ta òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ní báyìí ó ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ó ń kó ẹrù àwọn arìnrìnàjò sínú ọkọ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń wá. Èmi á fi tìmùtìmù sábẹ́ irin, òun á fi ẹfun pa ọwọ́ kí ó má bàa yọ̀, èmi á gbé e. Ẹ má bi mí bí obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ṣe ń gbé ọkùnrin. Òun ló ń fò. Èmi kàn ń mọ ìgbà tó ń fò ni. Ó ti mọ bí a ṣe ń jọ̀wọ́ irin kí a tún gbá a mú. Kò sí ẹlòmíràn nílùú yìí tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àsìkò tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje kan ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan sì ń bọ̀. Ẹnì kan péré ni yóò ṣojú wa lórí irin ìdábùú. Alága ní òun máa wá wo ọmọ mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ń pè é ní ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ mọ̀.

Afẹ́fẹ́ ti já okùn aṣọ mi lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mo fọṣọ. Oòrùn ti mú, aṣọ mi tutù, irin sì ṣófo. Mo gun àpótí, mo sá ìró mi méjì sórí irin, àdìrẹ kan àti aṣọ òyìnbó kan, bí mo ṣe máa ń ṣe bí okùn bá já. Mo rò pé màá ká wọn kí wọ́n tó dé. Wọ́n tètè dé.

Alága ń bọ̀ níwájú, kóòṣì méjì ń tẹ̀lé e. Ó wọ géètì, ó ń kí mi láti ibẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó wá gbójú sókè, ó dúró gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílẹ̀ yìí mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kì í gba abẹ́ ìró obìnrin. Àwọn tó ní oògùn lára láyé àtijọ́ ló ń sọ ọ́, pé oògùn àwọn á bàjẹ́. Alága kò ní oògùn. Díákónì ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Àjàó, òun ni wọ́n ń pè kí ó wá gbé ọwọ́ lé àwọn tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú. Ó wo ìró mi. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí sọkawéè, kòtò omi ìdọ̀tí ilé, wà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ó fara gbún ògiri, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn, bàtà funfun rẹ̀ rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn kóòṣì méjèèjì tẹ̀lé e. Èmi jókòó sí fàráńdà mi, mò ń wò wọ́n. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì.

Nígbà tó nu ẹsẹ̀ tán, ó ní, “Mà, ẹ sá ìró sórí irin tí ọkùnrin ń fi ọwọ́ mú.”

Mo ní, “Oòrùn ibẹ̀ dára.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó ń pa agbára ọkùnrin nìyẹn, pé àwọn ń ṣe wàhálà, àwọn ń gbàdúrà, àwọn ò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ rè é. Ó wo ọmọ mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, ó ní orúkọ rẹ̀ á wọlé, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kóòṣì ọkùnrin ni yóò dúró lábẹ́ irin fún un. Ó ní mo ti ṣe tèmi, kí n lọ sinmi. Lẹ́yìn náà ó tún gba ẹ̀gbẹ́ sọkawéè jáde.

Bí ó bá jẹ́ Alága nìkan ni, mi ò bá má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò wá ní ọjọ́ Ajé. Kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tẹ́ tìmùtìmù, mo jókòó tì í títí oòrùn fi là, ọkọ̀ òfúrufú ń gba orí ilé wa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń rò ó pé òun ló kó ẹrù sínú èyí, òun ló kó ẹrù sínú èyí. Mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé jà, mo ti bá ọkọ jà, mi ò fi ọkàn sí i tó báyìí. Ohun tí mo ń rò ni pé bí ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé sókè bá gbà gbọ́ pé ọwọ́ mi ń sọ òun di aláìlágbára, kí ni mo wá ṣe nílé ayé?

Ó wá ní ọjọ́ kẹta. Ó dúró sí géètì, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, “Mọ́mì ní kí n bi yín bóyá a lè fi omi iyọ̀ fọ irin náà.”

Mo ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi fọ̀ ọ́?”

Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti gbọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń pe òun ní Ọkọ Ìró.

Mi ò bá a jiyàn. Mo wọlé, mo mú ìró àdìrẹ yẹn jáde, mo gun àpótí, mo so ó mọ́ irin lápá ibi tí òpó wà, mo ta á ní kókó kí ó má bàa já bọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, “Irin rè é, ìró rè é. Bí agbára rẹ bá yọ, máa lọ sílé. Bí kò bá yọ, o kò ní bi mí ní ìbéèrè yìí mọ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi ẹfun pa ọwọ́. Mo gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ ń fẹ́ ìró náà lù ú léjìká, ó ń yí, ó jọ̀wọ́ irin, ó gòkè, ó padà gbá a mú pàrá. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó fi ojú ìró náà nu òógùn. Ó ní, “Màmá, aṣọ yín ti dọ̀tí.” Láti ọjọ́ yẹn, a kì í tú ìró kúrò lórí irin mọ́ bí ó bá ń ṣeré.

Ìpàdé kan máa ń wà ṣáájú ìdíje, níbi tí àwọn adájọ́ ti máa ń ka òfin fún gbogbo kóòṣì. Wọn kò pè mí. Mo lọ. Alága dìde, ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn àlejò pé nítorí ààbò eléré wa, àwọn ti fún un ní kóòṣì tó kéré lọ́jọ́ orí. Mo dìde náà, mo bi í léèrè ohun tí ọjọ́ orí mi bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí i sí Yorùbá kí àwọn àlejò má bàa gbọ́.

“Tíṣà mi, ẹ jẹ́ ká bo ara wa láṣìírí. Ẹ mọ ohun tí mo bá lórí irin yín.”

“Ìró mi lo bá níbẹ̀,” ni mo wí. “Ìró ìyá mi ńkọ́, èyí tí o gbé sínú gíláàsì?”

Kò yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e.

“Òjá tó wà lára ògiri rẹ. Kíjìpá ni. Ìyá mi hun ún, èmi ró o mọ́ ìdí ara mi, mo gé e, mo fi so ọ́ mọ́ irin nígbà tí ò ń gbọ̀n. Inú ìró obìnrin lo ti kọ́ ohun tí o fi di Alága. Agbára rẹ tó yọ, ìgbà wo ló yọ?”

Àwọn kóòṣì tiwa kò mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ẹnì kan fi fìlà bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé Alága rìn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ́jọ́sí rọra sọ pé, “Ah, Alága, bàtà mi ti lọ lásán nìyẹn.” Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ àgbà, àlejò kan tó wọ awò ojú, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Alága yára ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo ní ọ̀rọ̀ irin ni. Mo wá rọra fi gẹ̀ẹ́sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sọkawéè pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà wúlò fún mi lọ́jọ́ náà. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin kò sọ akọ tàbí abo, ẹni tí eléré bá yàn ni yóò dúró. Ó yíjú sí ọmọ mi tó jókòó lẹ́yìn, ó bi í pé ta ni.

Ọmọ mi dìde. Alága ń wò ó. Ó mọ̀ pé Alága lè yọ orúkọ òun lọ́jọ́ mìíràn.

Ó ní, “Màmá yìí ni.”

Lọ́jọ́ ìdíje, mo wọ tíráàkísúùtì, mo sì fi èyí tó kù lára kíjìpá ìyá mi gbàjá lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó wò ó. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ Mafoluku wá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì jókòó sí iwájú, ó di ọwọ́ mú. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, ọmọ mi dá a lóhùn. Mo gbé e dé irin, mo sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, mo na ọwọ́.

Ó yí dáadáa. Mo gbọ́ bí irin ṣe ń kùn. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gòkè, mo sì ti mọ̀ kí ó tó yípo tán pé ó ti jìnnà sí irin jù. Ìka rẹ̀ kan irin, ó yọ̀. Orí ló fi ń bọ̀. Ẹni tó bá ní òun máa ń gba ènìyàn mú bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọmọ ọwọ́, irọ́ ló ń pa. Èjìká kan ṣoṣo ni mo tì, bó ṣe ń kọjá níwájú mi. Ó yí, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ lórí tìmùtìmù, gbì. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lókè tó ní, “Ṣé ẹ ti rí i? Mo sọ ọ́.”

Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, “Ọrùn ńkọ́?”

“Ó wà, Mà.”

“Apá?”

“Ó wà.”

“Dìde, jàre. Irin ń dúró dè ọ́.”

Òfin fún ẹni tó bá já bọ́ láyè díẹ̀ kí ó padà gòkè. Ó fi ẹfun pa ọwọ́. Nígbà tó padà wá síwájú mi, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, irú èyí tó ba Alága nígbà èwe rẹ̀. Mi ò ní òjá tí mo lè fi so ó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan kíjìpá tó wà ní ìdí mi, ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e. Ibi tó ti já bọ́ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ irin, ó gòkè, ọwọ́ mi nà sókè lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbá irin mú. Mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó fò sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sún díẹ̀, ó dúró.

A kò gba mẹ́dàlì. Ìjábọ́ yẹn kó máàkì wa lọ, ẹnì kan péré la sì fi sẹ́yìn. Alága sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn nǹkan kan wà tí àwọn máa tún ṣe. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ló ti èjìká yẹn. Kóòṣì orílẹ̀-èdè kan tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan ló wá bá mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí mo ṣe tì í, ó fi ọwọ́ sí àyà, ó lọ.

Mo ti kọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó ku èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìkésíni dé láti ilẹ̀ òkèèrè, pé kí ọmọ mi wá díje lórí irin. Alága ní kí ó wá sí ibùdó ìgbaradì lọ́dọ̀ kóòṣì ọkùnrin. Ọmọ mi ní òun ò ní lọ síbi tí èmi ò bá sí. Wọ́n halẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn. Wọn kò ní ẹlòmíràn. Alága pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ wá kí mi ní Sátidé.

Mo ti mọ bíríkì dí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ sọkawéè láti ìgbà tí Alága àti àwọn kóòṣì rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Láàárọ̀ Sátidé náà, mo fọ ìró mẹ́ta.

Mo jókòó sí fàráńdà, mò ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tó dé. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan dání, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó wo ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí irin, omi ń kán lára wọn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ilé, ó rí bíríkì.

Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Mà. Aṣọ wà lọ́nà.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì gbẹ.”

“Ẹ ò lè jáde wá síbí, Mà? Ọ̀rọ̀ náà ò gùn.”

“Ẹsẹ̀ ń ro mí. Àgọ́ ara ti gbó, ìwọ náà lo sọ pé kí n sinmi.”

Ó dúró. Oòrùn ń gun òkè. Ó sọ láti géètì pé òun wá dá nǹkan mi padà ni, pé òun ò lè máa gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì mọ́, àwọn ènìyàn ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ó gbé e wá. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ ìrìnàjò náà tún wà níbẹ̀. Mo ní kí ó gbé ìyẹn náà wá. Mo jẹ ẹ̀pà mi.

Nígbà tó yá, ó gbé gíláàsì náà sórí bí ẹni tí òjò ń pa, ó dijú, ó sáré gba abẹ́ irin. Omi ìró kán sórí ìwé ìròyìn náà. Nígbà tó dé fàráńdà, ó la ojú. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìró ìyá mi ló fi bo ara rẹ̀ nítorí ìró mi, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì mọ̀.

Mo ní, “Ṣé agbára rẹ ṣì wà?”

Ó jókòó. Mo bu omi fún un, ó mu ún. Ó wá sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ sílẹ̀, pé èmi ni yóò dúró lábẹ́ irin ní òkèèrè, pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tú ìwé ìròyìn, mo wo kíjìpá náà nínú gíláàsì, àwọn àrántúnrán mi ṣì dúró síbẹ̀ bí mo ṣe rán wọn. Mo dá a padà fún un. Mo ní kí ó lọ gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá sì béèrè, kí ó sọ ẹni tó ni ín.

Ó dìde láti máa lọ. Ó wo irin, ó wò mí.

Mo ní, “Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé mi ní.”